Ta Ló Pa Fìtílà?

"Dádì, ṣé ẹ ò rí i ni?"

Ọmọ mi obìnrin ló bi mí ní ìbéèrè yìí, ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ní pápá kan lẹ́yìn ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ó ti dìde lórí àga rẹ̀, ó di ike omi mọ́ àyà, ó ń wo ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, tó já lulẹ̀ síwájú rẹ̀. Kò tó ìṣísẹ̀ méjì sí ibi tó jókòó sí. Apá kan ti ya kúrò. Apá kejì ṣì ń tan iná búlúù sórí koríko bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

"Mo rí i," ni mo dá a lóhùn.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi darí ẹ̀ wá síbí?"

Ohun tó wà lẹ́nu mi ni pé, "Mi ò mọ̀ pé ibí ló dojú kọ." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun, mi ò lè sọ ọ́ jáde. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé: tí ènìyàn bá ṣe ohun tí kò dáa, tó ní òun ò mọ̀, tí kò sì parọ́, ṣé ẹjọ́ ti parí nìyẹn?

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú eré tí mo ń ṣe.

Iṣẹ́ kóòdù kíkọ ni mo fi ń jẹun. Ohun tí mo ń kọ́ láti àárọ̀ di alẹ́, ọwọ́ ò lè dì í mú. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí à ń fi rímóòtù darí. Mo máa ń ra pátákó fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń lẹ àwòrán. Mà á fi abẹ gé e, mà á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó lè rí bí apá ẹyẹ, mà á fi gọ́ọ̀mù gbígbóná lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré á wà níwájú, bátìrì á wà nínú ikùn, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohun tí rímóòtù bá sọ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èyí tí mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí fẹ̀ tó mítà 1.2 láti ṣóńṣó apá kan dé ìkejì, kò sì wúwo tó kílò kan. Síbẹ̀, ẹ má fojú di í. Abẹ́bẹ̀ iwájú ẹ̀ ń yí ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìka tó bá kàn án á jẹ̀bi ara ẹ̀.

Alẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Tí oòrùn bá ti wọ̀, atẹ́gùn sábà máa ń rọlẹ̀, ọkọ̀ á kàn máa fò geerege. A máa ń to iná LED tó wà lórí tẹ́ẹ̀pù gígùn sínú apá. Torí pé fóòmù náà funfun, tó sì fẹ́lẹ́, gbogbo apá á tàn láti inú wá, bí ìgbà tí ọmọdé bá ki tọ́ọ̀ṣì bọ ẹnu tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ pọ́n yòò. Tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá gba orí yín kọjá nínú òkùnkùn, ẹ máa gbàgbé gbogbo gbèsè tó wà lọ́rùn yín.

Wàhálà ibẹ̀ rèé: lọ́sàn-án, ọkọ̀ lẹ̀ ń rí. Lóru, iná lẹ̀ ń rí. Ẹ fojú inú wo ẹnì kan tó kẹ̀yìn sí yín, tó ń rìn lọ. Tí ẹ bá ní kó yà sí ọ̀tún, ọ̀tún tiyín náà ló máa yà sí. Ẹ wá jẹ́ kó yíjú padà kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Tí ẹ bá tún ní kó yà sí ọ̀tún, òsì yín ló máa yà sí. Bí ọkọ̀ tí à ń fi rímóòtù darí ṣe rí nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ bóyá ọkọ̀ òun ń lọ tàbí ó ń bọ̀, gbogbo ohun tó bá ṣe láti tún un ṣe, ńṣe ló máa ń bà á jẹ́ sí i.

Ìdí nìyí tí ọkọ̀ òfúrufú ńlá fi ń gbé iná pupa sí apá òsì, iná aláwọ̀ ewé sí apá ọ̀tún, àti iná funfun sí ìrù. Ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti kọ́ ọ. Láti 1848 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń lo ẹ́ńjìnnì gbé pupa sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n gbé àwọ̀ ewé sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí wọ́n má baà kọlu ara wọn lóru. Àwa tá à ń ṣe eré yìí náà ń lò ó. Tí pupa bá wà lọ́wọ́ òsì yín, ọkọ̀ ń lọ. Tí pupa bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, ó ń bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè kọ́ ọ kí omi tó hó.

Èmi yìí ni mo yọ ọ́ kúrò.

Kì í ṣe pé ó bàjẹ́ o. Fídíò ni. Nínú fídíò, pupa àti àwọ̀ ewé yẹn ń jẹ́ kí ọkọ̀ mi dà bí ilé oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ fi iná pe oníbàárà. Mo fẹ́ ohun kan tó tutù, tó dọ́gba, tó máa dà bí ẹja inú òkun. Mo tú gbogbo ẹ̀, mo fi búlúù sí i láti imú dé ìrù, àti òkè àti ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo gbé fídíò àkọ́kọ́ jáde, àwọn ọ̀rẹ́ mi l'Ékòó àti ní London ń da ọkàn pupa bò mí. Inú mi dùn. Mi ò ní parọ́ fún yín, inú mi dùn gan-an.

Bàbá òyìnbó kan wà ní pápá náà tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ títún ọkọ̀ òfúrufú ṣe. Ó gbé ọkọ̀ mi lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Èwo lapá òsì nínú eléyìí?" Mo rẹ́rìn-ín, mo nàka sí i. Ó ní, "Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n báyìí. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mò ń bi ẹ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo gba ọkọ̀ mi, mo sì fò ó láago mẹ́sàn-án. Nǹkan kan ò ṣe é. Alẹ́ mìíràn tún kọjá, nǹkan kan ò ṣe é. Ó tó ìgbà mọ́kànlá tí mo fò ó bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ tí mò ń sọ, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ dúró. Ọkọ̀ lọ jìnnà díẹ̀, ó yí, mo sì rí i pé ó ń fà sí òsì mi, síhà ibi tí àwọn ìdílé jókòó sí. Mo bi ọ̀rẹ́ mi pé, "Ó ń lọ àbí ó ń bọ̀?" Ó wò ó, ó ní, "Ó ń lọ." Bó ṣe sọ ọ́ báyìí, èmi náà rí i pé ó ń lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: mo rí i. Mo ti ọ̀pá ìdarí sí ọ̀tún. Ó tún fà sósì sí i. Mo tì í dé òpin. Ìgbà tí iná yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi lójú mi ló tó yé mi pé ó ń bọ̀, pé èmi gan-an ni mò ń lé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ ti mọ ìyókù.

Mi ò bínú sí ọ̀rẹ́ mi. Iná tí mo fún un náà ló wò. Ní 1935, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì, Muzafer Sherif, kọ̀wé nípa àwọn ènìyàn tó fi sínú yàrá tó ṣókùnkùn birimù, tó sì fi iná kékeré kan ṣoṣo hàn wọ́n. Iná náà ò kúrò lójú kan. Àmọ́ nínú òkùnkùn tí kò sí nǹkan mìíràn tí ojú lè dì mú, iná tó dúró máa ń dà bí èyí tó ń rìn. Sherif ní kí wọ́n sọ bó ṣe rìn jìnnà tó. Nígbà tí kálukú wà lóun nìkan, iye tí kálukú ń sọ yàtọ̀. Nígbà tó kó wọn pọ̀, iye wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra. Tí ojú ò bá rí àmì kankan dì mú, ẹnu ẹni tó wà nítòsí ló máa dì mú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Àmọ́ yàrá Sherif, Sherif ló pa iná ibẹ̀. Ta ló pa tèmi?

Ìbéèrè yìí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ irú ẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ilé ìyá àgbà ní Òkè-Àdó n'Íbàdàn la ti máa ń lo ọlidé. NEPA mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé fìtílà kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí kíṣínì. Ìkòkò ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù. Mo yọ́ lọ síbẹ̀, mo fẹ́ fìtílà pa, mo mú ẹran kan. Bí mo ṣe jù ú sẹ́nu báyìí ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Ẹ̀rù bà mí, mo ṣe bí ọkùnrin, mo kígbe pé, "Ìwọ ta nìyẹn?" Bàbá àgbà ni. Àbúrò ìyá mi tó gbọ́ ọ ti ń bọ̀ láti wá gbá mi létí: ọmọ kékeré tó ń pe bàbá bàbá ẹ̀ ní "ìwọ"! Àmọ́ ńṣe ni bàbá ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Òru ò mẹni ọ̀wọ̀, ló dífá fún 'ìwọ ta nìyẹn?'"

Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Òwe ìdáríjì ni. Ẹni tí kò lè rí ojú àgbà nínú òkùnkùn, a ò lè bá a wí pé kò yẹ́ àgbà sí. Mo ti ń mí kanlẹ̀ nígbà tí ohùn ìyá àgbà jáde láti inú yàrá:

"Ta ló pa fìtílà?"

Ẹran ṣì wà lẹ́nu mi.

Ó gbà mí ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀ pé ìyá àgbà ò tako òwe bàbá. Ńṣe ni wọ́n parí ẹ̀. Òru tó jẹ́ òru Ọlọ́run, tàbí òru NEPA, ó lè gbèjà ẹni. Òru tí ènìyàn fẹnu ara ẹ̀ fẹ́ kò lè gbèjà ẹ̀. Ẹjọ́ mi ò sí ní ìṣẹ́jú tí mo pe bàbá ní "ìwọ", torí ní ìṣẹ́jú yẹn, mi ò mọ̀ lóòótọ́. Ẹjọ́ mi wà ní ìṣẹ́jú tó ṣáájú ẹ̀, nígbà tí ojú mi ṣì ríran kedere, tí mo sì mọ ohun tí mo fẹ́ kí òkùnkùn bá mi bò.

Onímọ̀ ìṣirò kan, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń jẹ́ William Clifford, kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní 1877. Ó ní ká wo ọkùnrin kan tó ní ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó, tó fẹ́ fi kó àwọn tó ń kó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn ènìyàn ti sọ fún un pé ọkọ̀ náà ò dáa mọ́. Àyà òun náà ń já. Àmọ́ ó rò ó pé owó tí òun máa fi tún un ṣe á pọ̀, ó sọ fún ara ẹ̀ pé ọkọ̀ yìí ti lọ ó ti bọ̀ láìmọye ìgbà, ó sì rẹ ara ẹ̀ lẹ́kún títí ó fi gbà á gbọ́ tọkàntọkàn pé ọkọ̀ á gúnlẹ̀ láyọ̀. Ọkọ̀ rì láàárín òkun pẹ̀lú àwọn tó wà nínú ẹ̀. Ọkùnrin náà gba owó ìnṣọ́ránsì. Clifford ní ọkùnrin yìí jẹ̀bi ikú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ni pé ó gbà á gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Clifford ti dùn mí ni apá kejì. Ó ní ká tún un rò: ká ní ọkọ̀ náà ò rì ńkọ́? Ká ní ó lọ, tó sì bọ̀? Ó ní ẹ̀bi ọkùnrin yẹn ò dín bíńtín. Ohun tó ṣe kò yí padà. Ńṣe ni àṣírí ẹ̀ ò kàn tú.

Mo wá ronú kan ìgbà mọ́kànlá yẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà, mà á ní ẹ̀rí wà: ẹ wò ó, ìgbà mọ́kànlá, nǹkan kan ò ṣe. Àmọ́ ní gbogbo alẹ́ mọ́kànlá, ohun kan náà ni mo ṣe bí ti alẹ́ tó bàjẹ́. Mo gbé nǹkan tí mi ò lè mọ ibi tó dojú kọ sókè orí àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tèmi. Orí ló yọ mí.

Ẹnì kan nínú yín lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Ta ló mọ gbogbo nǹkan? Tá a bá ní ká dá gbogbo àìmọ̀kan lẹ́bi, ta ló máa fò? Ta ló máa wakọ̀, ta ló máa bímọ? Mo gbà. Àwọn àgbà ní àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ẹni tó bá pa òwe yẹn ń ṣàánú èkúté náà díẹ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ ẹ̀ lánàá, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé apá òsì àti ọ̀tún ní àwọ̀ tiwọn, mi ò lè bá a wí bí mo ṣe ń bá ara mi wí. Kò pa fìtílà kankan. Wọn ò tíì gbé e fún un ni.

Ìlà tó wà láàárín àwọn méjèèjì ò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn kedere. Ẹni tí kò bèèrè torí kò mọ̀ pé ìbéèrè wà, ó yàtọ̀ sí ẹni tí kò bèèrè torí ó ń bẹ̀rù ìdáhùn. Àmọ́ láti ìta, àwọn méjèèjì jọra. Ẹnu wọn á sọ ohun kan náà: "Mi ò mọ̀." Ẹni tó ń sọ ọ́ nìkan ló lè mọ èyí tó jẹ́. Ọ̀nà kan tí èmi fi ń mọ̀ ọ́n báyìí ni pé mo máa ń wá ibi tí àyà mi ti já. Ní alẹ́ kejì tàbí ìkẹta tí mo fò ọkọ̀ búlúù yẹn, ó yí lójú òfúrufú, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, mi ò mọ̀ bóyá ó ń lọ tàbí ó ń bọ̀. Àyà mi já pà. Lẹ́yìn náà ó yí padà, mo mọ̀ ọ́n, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí ni mo fi ìṣẹ́jú àáyá méjì yẹn ṣe? Mo gé e kúrò nínú fídíò.

Ibẹ̀ ni mo ti pa fìtílà.

Òfin Amẹ́ríkà fún àwa tá à ń fi nǹkan báyìí ṣeré ní ojú wa ò gbọ́dọ̀ kúrò lára ọkọ̀. Mo pa òfin yẹn mọ́. Ojú mi ò kúrò lára ẹ̀ títí tó fi já lulẹ̀. Òfin lè ní ká máa wò. Kò lè bá wa ṣe é kí ohun tá à ń wò ní ìtumọ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán nìyẹn, iṣẹ́ orí tábìlì, nígbà tí abẹ àti gọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ kóòdù bíi tèmi, ẹ mọ ibi tí mò ń lọ. Ọ̀nà kan wà láti sọ fún ẹ̀rọ pé tí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, kó gbé e mì, kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ìlà méjì péré ni. Mo ti kọ ọ́ rí, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí mo fẹ́ tètè lọlé. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo nǹkan dára lójú wa, nígbà tí owó tí àwọn kan san ò wọlé síbi tó yẹ. Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé, mo sọ pé a ò mọ̀. Wọ́n gbà á. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé ta ló kọ ìlà méjì yẹn. Mo mọ ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í kọ kóòdù náà ní tiyín. Ẹni tó gbé fóònù sórí "má dá mi lóhùn" torí ó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ pè é sọ. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, tó sì ń ṣọ́ra kó má bèèrè iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ náà ń ṣe. Tọ́rọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀, a ò ní parọ́ tá a bá ní a ò mọ̀. A ti tètè ṣètò ẹ̀ kí a má baà mọ̀.

Nínú mọ́tò, nígbà tá à ń lọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo dá ọmọ mi lóhùn nígbẹ̀yìn. Mo ní, "Mi ò mọ ibi tó dojú kọ. Iná kan wà tó yẹ kó sọ fún mi. Èmi ni mo yọ ọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ yọ ọ́?"

"Kó lè rẹwà."

Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ní, "Ó rẹwà lóòótọ́." Lẹ́yìn náà ó ní, "Àmọ́ ẹ̀rù bà mí."

Mo bẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe nítorí pé ọkọ̀ já, ọkọ̀ gbogbo ló ń já. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí alẹ́ mọ́kànlá tó ti jókòó síbẹ̀ tó ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo ti tún ọkọ̀ náà kọ́. Búlúù ṣì wà láàárín ikùn ẹ̀, mi ò lè jìnnà sí búlúù. Àmọ́ pupa wà lápá òsì, àwọ̀ ewé wà lápá ọ̀tún, funfun wà ní ìrù. Nínú fídíò, ó tún ti dà bí ilé oúnjẹ. Ká tó gbé e lọ sí pápá, ọmọ mi máa ń pa iná pálọ̀, á dúró sí ìparí yàrá, á gbé ọkọ̀ náà sókè orí ẹ̀, á máa yí i kiri nínú òkùnkùn. Mi ò lè rí òun fúnra ẹ̀. Ohùn ẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́:

"Dádì, ibo ló dojú kọ báyìí?"

"Ó ń lọ."

"Báyìí ńkọ́?"

Pupa wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi.

"Ó ń bọ̀," ni mo ní. "Ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀."